Ọ̀gá tó ń ṣọ́ra àti ọ̀gá aláìbìkítà kò yẹ kí wọ́n máa san iye kan náà

Ká ní iléeṣẹ́ méjì wà l'Ọ́tà, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ₦10 mílíọ̀nù. Èkínní fi irin bo gbogbo ibi tí ẹ̀rọ ti lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ọmọṣẹ́ tuntun kì í sún mọ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá ti kọ́ ọ, ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà sá bí iná bá sọ kì í sì í wà ní títì. Èkejì kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ méjì ló ti pàdánù ìka níbẹ̀ láàárín ọdún kan. Bí oṣù bá parí, ₦100,000 ni èkínní máa san sí àpò owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́. Èkejì náà á san ₦100,000.

Bí ètò náà ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ti buwọ́ lu òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Òfin náà ló rọ́pò ti 1987, nígbà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ adójútòfò aládàáni ni agbanisíṣẹ́ ń lọ bá. Lábẹ́ ti tuntun, àjọ NSITF tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ ló ń gba owó náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí iléeṣẹ́ ń san. Ọ̀gá ló ni gbèsè yìí. Òfin kò gbà kó yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Òfin náà dára ní ọ̀nà púpọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ló tọ́ sí wọn lóṣooṣù. Ẹni tí ọkọ̀ gbá lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọṣẹ́, alágbàṣe àti ọmọ ọ̀dọ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí: owó gbà-má-bínú yìí ló dípò ẹjọ́ tí òṣìṣẹ́ ì bá pe ọ̀gá rẹ̀ fún àìbìkítà. Òṣìṣẹ́ jọ̀wọ́ ẹjọ́, kó lè rí owó gbà láìjẹ́ pé ó ń wá ẹ̀rí ẹni tó jẹ̀bi. Ìbẹ̀rù kóòtù ti kúrò lọ́kàn ọ̀gá nìyẹn. Bí iye tó ń san kò bá tún yí padà, ì báà ṣọ́ra, ì báà má ṣọ́ra, kí ló wá kù tó máa gún un ní kẹ́ṣẹ́?

Àwọn tó kọ òfin náà rò ó. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi ìdá kan yẹn lélẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fún àjọ lágbára láti pín àwọn iléeṣẹ́ sí ìsọ̀rí, bí ewu iṣẹ́ kálukú bá ṣe tó, kó sì bu owó lé wọn bó ṣe yẹ. Ọdún méjì kọjá, ọdún mẹ́wàá kọjá, ìdá kan náà la ṣì wà. Báǹkì tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ń san ìdá kan, iléeṣẹ́ tó ń fi dánámáìtì fọ́ àpáta náà ń san ìdá kan.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, nọ́ńbà kan ló máa ń tẹ̀lé iléeṣẹ́ kiri bí ìwé ẹ̀rí ìwà tí ọmọ gbà ní ilé ẹ̀kọ́. Iléeṣẹ́ tí ìjàǹbá rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ní 1. Èyí tí tirẹ̀ kéré lè ní 0.8, èyí tí tirẹ̀ pọ̀ lè ní 1.3. Bí owó ìdójútòfò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò bá jẹ́ $100,000, ẹni tó ní 0.8 á san $80,000, ẹni tó ní 1.3 á san $130,000 fún iṣẹ́ kan náà. Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà ìjàǹbá kì í tán lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún ṣe é lọ́nà tó jẹ́ pé ìjàǹbá kéékèèké tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra máa ń ta bá àpò ọ̀gá ju ẹyọ ńlá kan lọ, torí pé léraléra yẹn ló ń fi hàn pé nǹkan kò lọ déédéé níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ńlá síta pàápàá ń béèrè nọ́ńbà náà. Agbaṣẹ́ṣe tí tirẹ̀ bá lé ní 1 lè má rí iṣẹ́ gbà.

Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ ètò owó gbà-má-bínú tirẹ̀ láti 1884, nígbà tí Bismarck ń ṣe olórí ìjọba. Níbẹ̀, àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ló ń dá owó jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ yẹn náà ló sì ń ṣe ìlànà ààbò, tó ń rán àwọn alábẹ̀wò lọ wo ẹ̀rọ.

Kò sì yẹ kí ìnáwó ààbò ba ọ̀gá lẹ́rù: ohun tó ń dín ìjàǹbá kù kì í sábà jẹ́ ohun olówó gọbọi. Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní iléeṣẹ́ èyíkéyìí nílẹ̀ yìí. Iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó rántí pa á. Ọmọṣẹ́ rí i pé ẹ̀rọ ti dákẹ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ ohun tó há síbẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo àdúgbò ti pariwo “Up NEPA!”, ẹ̀rọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àgádágodo kan péré ló lè dá èyí dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ á kọ́kọ́ já iná rẹ̀, á fi àgádágodo tirẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń tàn án, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Títí tó fi máa parí, ọ̀gá pàápàá kò ní lè tan ẹ̀rọ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tuntun. Àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ìjàǹbá máa ń ṣe jù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń mú ọmọ dé láàárọ̀, tó sì ń fà á lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ìjàǹbá bá sì ti ṣẹlẹ̀, ìtọ́jú kíákíá àti iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń dín ìnáwó kù. Ẹni tí ọwọ́ ń dùn lè máa ka ọjà tó ń wọlé títí ara rẹ̀ á fi yá, dípò kó jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀gá tó bá ní ìdá kan ni gbogbo ohun tí ìjàǹbá ń ná òun, kò tíì ṣírò tán. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé èèyàn lọ́wọ́, iṣẹ́ dúró. Àwọn kan gbé e lọ sílé ìwòsàn, àwọn yòókù kó ara jọ, wọ́n ń sọ ọ́. Ọjà oníbàárà pẹ́. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́ kó tó mọ iṣẹ́. NSITF kò ní dá ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí padà fún un.

Paul O'Neill mọ èyí. Nígbà tó di ọ̀gá àgbà Alcoa, iléeṣẹ́ alumíníọ́mù ńlá ní Amẹ́ríkà, ní 1987, ààbò òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ bá àwọn tó dókòwò síbẹ̀ sọ, kì í ṣe èrè. Ẹnu yà wọ́n. Nígbà náà, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, ìjàǹbá tó ń gbé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún kan jẹ́ 1.86. Nígbà tó fi máa kúrò ní 2000, ó ti já wálẹ̀ sí 0.2, èrè iléeṣẹ́ náà sì ti di ìlọ́po márùn-ún.

Ní ìdàkejì, ẹ rántí Òdogunyàn ní Ìkòròdú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ ní iléeṣẹ́ rọ́bà kan lóru, ilẹ̀kùn wà ní títì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ alẹ́ sì jóná mọ́bẹ̀. Ẹni tó bá ń ti òṣìṣẹ́ mọ́lé, ọjà rẹ̀ ló sábà ń rò, kí olè má gbé e lọ. Bí alábẹ̀wò bá lè bá ilẹ̀kùn ní títì, tí owó tí iléeṣẹ́ ń san sì lọ sókè ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá á ní ìṣirò mìíràn láti ṣe.

Àwọn kan á ní bí a bá so owó mọ́ ìjàǹbá, àwọn ọ̀gá á kàn máa fi ìjàǹbá pamọ́ ni. Òótọ́ ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ọ̀gá á san owó ilé ìwòsàn lábẹ́lẹ̀, tàbí kó ṣèlérí ẹ̀bùn fún gbogbo òṣìṣẹ́ bí oṣù bá parí láìsí ìjàǹbá, kí ẹni tó fara pa lè pa ẹnu mọ́. Ìdí nìyí tí iye ìjàǹbá nìkan kò fi yẹ kó jẹ́ òṣùwọ̀n. Ohun tí alábẹ̀wò fojú ara rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ìyà ẹni tó fi ìjàǹbá pamọ́ sì ju owó tó máa fi yọ lọ. Òfin 2010 ti fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, ó fún ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ létí. Ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ èyí.

Ní ti onísọ́ọ̀bù tó ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta, kò bọ́gbọ́n mu kí ìjàǹbá kan ṣoṣo ba tirẹ̀ jẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Amẹ́ríkà pàápàá kì í fún àwọn kéékèèké ní nọ́ńbà tiwọn. Ìsọ̀rí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi ṣírò fún wọn.

NSITF àti NECA, ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́, ti gbìyànjú ètò kan tí wọ́n fi ń yẹ ààbò iléeṣẹ́ wò, tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣe dáadáa ní ọkọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọkọ̀ lè kàn. Ẹ̀dínwó lè kan gbogbo ẹni tó bá tọ́ sí. Kí àjọ náà kọ́kọ́ máa gbé iye ìjàǹbá àti iye tó san ní ìsọ̀rí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde lọ́dọọdún, kí gbogbo ayé lè rí ibi tí owó ń gbà lọ. Lẹ́yìn náà, kó lo agbára tí òfin ti fún un. NECA àti NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn ló yẹ kó gbé e sórí tábìlì, nítorí ọ̀gá tó ń ṣọ́ra àti òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì délé ni ètò náà máa kọ́kọ́ ṣe lóore.