Ìlùkìkì Afẹ́fẹ́ Nínú Ọkọ̀: Èrò Kan lórí Sísọ Ìṣẹ̀lẹ̀ Inú Sáyẹ́ǹsì Lórúkọ

Ó ti pẹ́ tí àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá ti ń bá ara wa jiyàn lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ kí a yá ọ̀rọ̀ lò ni, tàbí kí a ṣẹ̀dá tiwa? Ní èrò tèmi, ìbéèrè yìí kò tíì kún tó. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni irú ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ. Ṣé ohun èlò tí a lè fi ọwọ́ kàn ni, tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ yé ènìyàn kí ó tó lè mọ ohun tí yóò ṣe sí i? Bí orúkọ ohun èlò bá jẹ́ àyálò, kò sí ẹni tí yóò pa lára. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ bá ṣì wá lọ́nà, ìmọ̀ tí a fẹ́ fi kọ́ni yóò ṣìnà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ìṣẹ̀lẹ̀ inú sáyẹ́ǹsì ti wá ni ohun tí ó fà á.

Àpẹẹrẹ kékeré kan ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, títí kan àwọn tòkunbọ̀ tí a ń lò nílé, ni ó ní fèrèsé ní òrùlé, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sánrúùfù. Bí awakọ̀ bá ṣí i nígbà tí eré ọkọ̀ kò kéré tí kò sì pọ̀ jù, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó yàtọ̀ sí ìró afẹ́fẹ́ lásán. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ kọjá a máa dún fùù, ìró náà kì í sì í dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n eléyìí a máa lu ni ní àlùtúnlù, gbì-gbì-gbì, etí a sì máa ṣe bí ẹni pé wọ́n ń dí i, wọ́n ń ṣí i. Agbára rẹ̀ lè kọjá 100 ní ìwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ó ń rẹ awakọ̀, ó ń fa orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ tí ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn kò lè sọ pé etí ń dun òun.

Bí a bá bi àwọn tí ń wa ọkọ̀ pé kí ni èyí, wọn yóò dáhùn pé ariwo afẹ́fẹ́ ni, tàbí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀. Ìdáhùn yìí bá ohun tí etí gbọ́ mu, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá gbà pé afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù yóò yára ti gbogbo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè dínkù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ni lílù náà yóò tún le sí i. Ẹlòmíràn yóò lọ máa pààrọ̀ rọ́bà etí fèrèsé, èyí tí kò jẹ̀bi kankan. A kì í fi ete sílẹ̀ pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ tí kò tọ́ ń mú ni ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, afẹ́fẹ́ ń yára kọjá lórí òrùlé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ní bèbè iwájú ihò fèrèsé ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Níbi tí afẹ́fẹ́ tí ń sáré bá ti ń fara gbún èyí tí ó dúró, wọn kì í lè kọjá ara wọn ní ìrọ̀rùn. Afẹ́fẹ́ a máa ká kò, a sì máa pòyì, gẹ́gẹ́ bí omi odò ṣe ń pòyì lẹ́yìn òkúta. Òyì kọ̀ọ̀kan ń yí lọ sí ẹ̀yìn títí yóò fi kọlu bèbè ẹ̀yìn ihò náà. Bí ó ti ń kọlù ú ni ìfúnpá afẹ́fẹ́ ń wọ inú ọkọ̀ lọ. Ìfúnpá yìí á padà sí ẹnu ihò, á sì bá òyì mìíràn dìde ní bèbè iwájú. Báyìí ni ọ̀kan ń pe èkejì.

Síbẹ̀, òyì nìkan kò tó láti lu ènìyàn létí bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ńlá. Ọmọdé tí ó bá ti fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò mọ̀ pé ìgò yóò dún, àti pé ìgò kékeré ń dún tín-ín-rín, nígbà tí akèrègbè ńlá ń dún ní ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì nì, Hermann von Helmholtz, ẹni tí ó gbé ayé láàrin 1821 sí 1894, ṣe àlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀lára ohùn tí ó jáde ní 1863. Afẹ́fẹ́ tí ó wà ní ọrùn ìgò dà bí ìdiwọ̀n tí ó wúwo. Afẹ́fẹ́ inú ikùn ìgò sì dà bí irin lílọ́ tí ń sún tí ń nà. Bí a bá ti èyí tí ó wà lọ́rùn wọlé, ti inú yóò tì í padà síta, wọn yóò sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní iye ìgbà kan pàtó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ikùn bá tóbi sí i, iye náà yóò dínkù. Ẹnu bá fẹ̀ sí i, iye náà yóò pọ̀ sí i. Ọkọ̀ tí a ṣí òrùlé rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìgò: inú ọkọ̀ ni ikùn, fèrèsé òrùlé ni ẹnu. Nítorí pé ikùn yìí tóbi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ púpọ̀, ní nǹkan bí ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ sì ni ìgbọ́ràn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìdí nìyí tí ara fi ń mọ̀ ọ́n ju bí etí ti ń gbọ́ ọ lọ.

Ìṣirò ráńpẹ́ kan yóò fi hàn wá ìdí tí eré ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ó ń lọ ní nǹkan bí mítà 16 sí 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn òyì kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì eré náà ni wọ́n sábà ń sá, èyí tí í ṣe nǹkan bí mítà 8. Bí gígùn ihò láti bèbè iwájú dé bèbè ẹ̀yìn bá jẹ́ mítà 0.4, a óò pín 8 sí ọ̀nà 0.4, a óò sì rí 20. Ìyẹn ni pé òyì 20 ni yóò kọlu bèbè ẹ̀yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iye yìí gan-an sì ni inú ọkọ̀ ń fẹ́. Ní kìlómítà 30, òyì 10 péré ni. Ní 120, wọ́n di 40. Nínú méjèèjì yìí, ìpè wọn kò bá orúkọ inú ọkọ̀ mu mọ́, lílù náà yóò sì rọlẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ní eré kan tí ó sì ń dáwọ́ dúró ní òmíràn. Àwọn onímọ̀ bàálù ti ṣe ìwádìí lórí irú nǹkan báyìí nínú ihò ara ọkọ̀ òfurufú, ti J. E. Rossiter, tí ó ṣe ní Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì jáde ní 1964, ni a mọ̀ jù lọ.

Nígbà tí a bá ti mọ ohun tí ó fà á, oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Èkíní, a lè ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Akèrègbè tí ó ti lu kì í dún mọ́; bẹ́ẹ̀ náà ni inú ọkọ̀ tí ìfúnpá ti rí ọ̀nà mìíràn gbà jáde. Èkejì, a lè dín ṣíṣí fèrèsé òrùlé kù tàbí kí a gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ láìfà á sẹ́yìn. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe kí gíláàsì wọn dúró kí ó tó ṣí tán, nítorí èyí náà ni. Ẹ̀kẹta, a lè fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí àwọ̀n sí bèbè iwájú, tí yóò gbé afẹ́fẹ́ fo ihò náà, tí yóò sì fọ́ àwọn òyì sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n má lè kọlu bèbè ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹrin, a lè yí eré padà. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí tí orúkọ náà, ariwo afẹ́fẹ́, lè mú wá sí ọkàn ẹni.

Nítorí náà, mo fẹ́ dábàá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀ èdè lè yẹ̀ wọ́n wò.

(i) Fèrèsé òrùlé, fún ihò onígíláàsì náà. Bí àwọn mẹkáníìkì bá ń pè é ní sánrúùfù, kí a fi wọ́n sílẹ̀. Ohun èlò ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí òrùlé òòrùn, nítorí pé létí Yorùbá, òrùlé ni ohun tí a fi ń sá fún òòrùn.

(ii) Òyì, fún afẹ́fẹ́ tàbí omi tí ń ká kò. A ti ń sọ pé omi ń pòyì. A lè sọ ìpòyì àti apòyì láti ara rẹ̀. Àwọn kan lè fẹ́ràn ààjà. Kì í ṣe nítorí pé ààjà jẹ́ ti ẹ̀mí nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni n kò fi mú un. Mànàmáná náà jẹ́ ti Ṣàngó, síbẹ̀ iná mànàmáná kò da ẹnikẹ́ni lọ́kàn rú. Ìdí mi ni pé ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ nílò ààjà fún ìjì tí ń gbé eruku dìde. Kí ohun kan ní orúkọ kan.

(iii) Ìjẹ́pè, fún bí ohun kan ṣe ń mì gidigidi nígbà tí a bá mì í ní iye ìgbà tí ó jẹ́ tirẹ̀. Kí a má ṣe pè é ní gbohùngbohùn. Gbohùngbohùn ń dá ohunkóhun tí a bá sọ padà. Ìjẹ́pè kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá pe Àjàyí láàrin ọjà, Àjàyí nìkan ni yóò dáhùn.

(iv) Ìlùkìkì, fún lílù tí ó ń bá inú ọkọ̀. A máa ń sọ pé ọkàn ẹni ń lù kìkì. Àlùtúnlù ni, inú ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, ara ni ó sì ń mọ̀ ọ́n. Ohun mẹ́ta yìí náà ni ó wà nínú ọkọ̀.

(v) Agbáfẹ́fẹ́fò, fún pátákó tàbí àwọ̀n iwájú ihò. Ìdènà afẹ́fẹ́ kò tọ́, nítorí kò dènà afẹ́fẹ́. Ńṣe ni ó ń gbé e fò.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan bi mí pé kí ni Yorùbá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí ó tó báyìí ṣe lórí fèrèsé ọkọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èsì mi ni pé òyì àti ìjẹ́pè kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Àwọn kan náà ni wọ́n wà nínú fèrè, nínú ikùn ìlù, nínú afárá tí ìjì ń mì, àti nínú páìpù omi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjẹ́pè bá yé nínú akèrègbè yóò mọ̀ ọ́n níbi gbogbo tí ó bá ti pàdé rẹ̀. Àwọn kan yóò tún sọ pé ọ̀rọ̀ àṣẹ̀dá kì í pẹ́ gbàgbé. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni a fi í sí. Iṣẹ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní gbogbo ọdún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí a fi ọgbọ́n ṣẹ̀dá fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni lè di ti gbogbo ènìyàn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kẹ́yìn.

Níkẹyìn, mo fẹ́ dábàá ìdánwò kan fún gbogbo orúkọ tí a bá fún ìṣẹ̀lẹ̀. Kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀, kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ létí ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì ka ìwé sáyẹ́ǹsì: mẹkáníìkì, onífèrè, tàbí onílù. Kí a bi í pé, bí nǹkan bá rí báyìí, kí ni yóò ṣe? Bí orúkọ náà bá mú un nawọ́ sí ibi tí ó tọ́, ó yege. Bí ó bá mú un lọ ti fèrèsé tí ó yẹ kí ó ṣí, kí a dá a padà fún ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dùn ún gbọ́ tó.