Ìlú Kan, Ààlà Mẹ́ta: Ohun Tí Port Harcourt Kọ́ Wa

Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, arákùnrin wa kan dìde, ó ní kí ni àlejò ní ilẹ̀ Hausa fẹ́ fi ìbò ṣe. Ó ní káàdì òun wà nílé, bí ọjọ́ ìbò bá sì ti kù dẹ̀dẹ̀ ni òun yóò wá owó ọkọ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa kò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí a tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Port Harcourt.

Ọwọ́ àlejò ló pọ̀ jù nínú kíkọ́ ìlú náà. Ilẹ̀ àwọn Ikwerre ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá èbúté tí wọn yóò ti máa kó èédú Enugu lọ sókè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n yàn. Ní 1913 ni Lugard fi orúkọ Harcourt, mínísítà wọn ní London, sọ ọ́, ní 1916 sì ni ojú irin so ó pọ̀ mọ́ Enugu. Ígbò wá, Ijaw wá, Hausa wá, àwa Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Láyé ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, John Umolu, ọmọ Etsako tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Edo òde òní, ni wọ́n dìbò yàn láti Port Harcourt lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní Enugu pàápàá, Umaru Altine, ọmọ Fúlàní láti Sokoto, ló kọ́kọ́ jẹ Mayor ìlú náà ní àwọn ọdún 1950. Ẹni tí ó bá wí pé àlejò kò lè ní ohùn níbi tí ó gbé ń jẹun, kí ó ṣàlàyé àwọn méjèèjì yìí fún wa.

Ní ti ààlà, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Port Harcourt ni a pín sí agbègbè ìdìbò méjì fún Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Abuja. Ṣùgbọ́n ìlú ti kún, ó ti wọnú Obio/Akpor lọ, ìyẹn sì jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀tọ̀ tí ó ní aṣojú tirẹ̀. Ẹni tí ó kó kúrò ní Diobu lọ gba yàrá ní Rumuokoro rò pé inú ìlú kan náà ni òun wà. Ó ti kọjá ààlà, káàdì rẹ̀ kò sì ní bá a kó ẹrù bí kò bá lọ ṣí i nípò fúnra rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ní kí iye ènìyàn agbègbè kan má jìnnà sí ti èkejì, ó sì fún àjọ INEC láyè láti tún ààlà yẹ̀ wò bí ọdún mẹ́wàá bá ti kọjá. Síbẹ̀ ààlà 360 tí a ń lò, 1996 ni a ti fà á. Ìsọ̀ inú ọjà wa lásán, ẹ mọ iye ìgbà tí a ti tún un wọ̀n láti ìgbà náà!

Ní 25 February 2023, ẹgbẹ́ Labour ló mú agbègbè kìíní, Manuchim Umezuruike ni wọ́n rán lọ. PDP ló mú èkejì nínú ìbò ọdún náà, Blessing Amadi ni tiwọn. Nínú ìbò ààrẹ ọjọ́ 25 February yẹn, INEC kéde 231,591 fún Tinubu ní Ìpínlẹ̀ Rivers, 175,071 fún Obi, 88,468 fún Atiku. Ilé-iṣẹ́ BBC ṣírò ìwé èsì ibùdó ìdìbò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ròyìn pé iye tí àwọn rí, pàápàá ní Obio/Akpor, yàtọ̀ gidigidi sí èyí tí a kéde. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí ìyànsípò ààrẹ múlẹ̀ ní 26 October 2023. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti olóṣèlú, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́ mọ̀ pé bí àríyànjiyàn bá dé, ojú ìwé tí a kọ́kọ́ kọ owó sí ni à ń ṣí. Ibùdó ìdìbò ni ojú ìwé yẹn. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ló rí ohun tí a kọ.

Ó wá kan arákùnrin wa. Òfin Ìdìbò ilẹ̀ wa sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ó ń gbé ibì kan, tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò ní kí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn ìyá ọjà wa lọ forúkọ sílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó síbẹ̀ ní kí wọ́n lọ ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Lọ́jọ́ kejì a tẹ̀lé wọn, a mú ìwé òfin náà dání, a sì kà á sí i létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba ìwé.

Arákùnrin wa, aṣojú tí ẹ ń sanwó ọkọ̀ lọ yàn nílé kò mọ gọ́tà tí ó ń kún wọ ìsọ̀ yín lọ́dọọdún. Ẹni tí ó lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé Abuja, ìbò àwọn ará àdúgbò yín níhìn-ín ni ó ń wá. Ìwé òfin náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a sin òun lọ, kí ó wá rí wa ní ìsọ̀ lẹ́yìn ọjà.