Owó wọn ni ìjọba ìpínlẹ̀ ń kó lọ, owó wọn náà ni wọ́n fi pariwo: Ìjà àwọn ìlú California pẹ̀lú àwọn aṣòfin wọn

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2003, ni wọ́n búra fún Arnold Schwarzenegger gẹ́gẹ́ bíi gómìnà ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Arnold tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn náà ni, ọkùnrin onígẹ̀ yàkàtà tó ṣe fíìmù Commando, tí àwọn ọmọdé máa ń fi ara wọn pè bí wọ́n bá ń ṣeré ìjà ládùúgbò. Oṣù kan ó lé díẹ̀ ṣáájú ni àwọn ará ìpínlẹ̀ náà ti fìbínú dìbò yọ gómìnà tó wà níbẹ̀, Gray Davis, kúrò lórí àga. Ọ̀kan nínú ohun tó sì bí wọn nínú jù ni owó mọ́tò, ìyẹn owó tí ẹni tó bá ní ọkọ̀ ń san fún ìjọba lọ́dọọdún, tó ṣàdédé fò sókè ní ìlọ́po mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí Arnold gorí àga gan-an ló fọwọ́ síwèé pé kí owó náà padà sí bó ṣe wà. Làwọn onímọ́tò bá ń jó, wọ́n ní ọkùnrin tó mọṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́ ti dé.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn ò lè jó. Àwọn mẹ́yọ̀ ni, àtàwọn kańsẹ́lọ̀ wọn. Owó mọ́tò táwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ bínú yẹn, kì í ṣe àpò gómìnà ló ń lọ, àwọn ìlú àtàwọn káúńtì, ìyẹn ìjọba àgbègbè tiwọn lọ́hùn-ún, ló ń gbà á. Wọ́n ń fi san owó oṣù ọlọ́pàá, wọ́n ń fi ra epo sínú ọkọ̀ panápaná. Láti 1999 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń dín owó náà kù fáwọn onímọ́tò ló ti ṣèlérí pé òun á máa fi owó tòun dí ihò tó bá ṣẹ́ kù sí àpò àwọn ìlú. Nígbà tó di 2003 tí ọwọ́ ìjọba kò tó ẹnu mọ́, ìlérí náà dá fún oṣù díẹ̀. Ohun tí wọ́n sì jẹ àwọn ìlú àtàwọn káúńtì sílẹ̀ láàárín àsìkò kékeré yẹn lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Ká ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ì bá má dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1978, àwọn ará California dìbò fún òfin kan tí wọ́n ń pè ní Proposition 13. Òfin náà sọ pé owó orí ilé àti ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá dọ́là kan nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là iye tí ilé bá jẹ́. Inú onílé dùn. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fọkàn sí ni pé òfin yìí kan náà gbé ọ̀bẹ tí wọn yóò fi pín owó orí ilé lé àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ ní Sacramento, tí í ṣe olú-ìlú wọn. Ẹni tó bá di ọ̀bẹ mú nídìí ẹran, ẹ̀yin náà mọ ibi tí èyí tó lọ́ràá máa ń bọ́ sí. Ní 1992 àti 1993 tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ gé lára owó orí ilé tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ìlú àtàwọn káúńtì, ó darí ẹ̀ sí àpò ilé-ìwé, kó lè dín èyí tí òun fúnra ẹ̀ yóò ná sórí ilé-ìwé kù. Owó náà lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́dún kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, nǹkan dẹ̀, owó tiẹ̀ kún ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ fọ́fọ́ lápá ìparí àwọn ọdún 1990. Wọn ò torí ẹ̀ fòpin sí gígé náà.

Kí wá làwọn ìlú ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan, League of California Cities, tó ti wà láti 1898, tí ìlú tó lé ní 470 sì wà nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ní àwọn alágbàsọ tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa lọ bá aṣòfin sọ̀rọ̀ lọ. Aṣòfin á gbà wọ́n tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, á gbọ́ tẹnu wọn, bó bá sì dọjọ́ ìdìbò, á gé owó wọn. Ta ni yóò bi í? Alágbàsọ kọ́ ló ń dìbò fún un ní àdúgbò ẹ̀. Àwọn tó ń dìbò fún un kò sì mọ̀ pé wọ́n ti gbé owó panápaná àwọn gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bí títì bá dá kòtò sílẹ̀, mẹ́yọ̀ ni wọ́n ń bú.

Ní 2001 ni ẹgbẹ́ náà yí ọwọ́ padà. Àwọn ìlú tó wà nínú ẹ̀ dìbò pé àwọn fara mọ́ ọn kí owó ẹgbẹ́ táwọn ń san lọ sókè, kí wọ́n fi gba àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn yóò fi sí agbègbè kọ̀ọ̀kan káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Orúkọ tí wọ́n fún ètò yìí ni Grassroots Network. Òṣìṣẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í jókòó pa sí olú-ìlú. Ìgboro ni tiẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀gá panápaná, ó gbọ́dọ̀ mọ pásítọ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń ta létí èèyàn, ó gbọ́dọ̀ mọ ìyá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ òbí nílé-ìwé àti oníṣọ́ọ̀bù tó bá aṣòfin da owó ìpolongo. Bí àbádòfin tó fẹ́ gé owó ìlú bá ti yọjú, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, àwọn náà á sì máa pe ọ́fíìsì aṣòfin tó wà ládùúgbò wọn. Aṣòfin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún alágbàsọ kò ní í lè rẹ́rìn-ín fún ogójì èèyàn tó mọ ojúlé ẹ̀.

Ẹni tó ń ka èyí ní Mushin tàbí Òṣogbo lè máa wò ó pé kánsù wo ló tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Kì í ṣe àsọdùn. Inú àpò ìkówósí tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń mójú tó ni òfin Nàìjíríà ní kí owó kánsù máa gbà kọjá. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dájọ́ lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù keje, ọdún 2024, pé kí wọ́n máa fún kánsù lówó ẹ̀ tààrà, kánsù kọ́ ló pe ẹjọ́ náà, ìjọba àpapọ̀ ló bá wọn pe gómìnà mẹ́rìndínlógójì lẹ́jọ́.

Ká padà sí California. Wàhálà tó wà nínú ohun tí wọ́n ṣe yìí ni pé, owó ta ni? Owó ẹgbẹ́ tí ìlú ń san, inú àpò ìlú ló ti ń wá, owó orí ará ìlú ló sì wà nínú àpò náà. Ẹnì kan lè wà ní ìlú kan náà tó gbà pé mẹ́yọ̀ wọn ń náwó ní ìnákúnàá, pé bí wọ́n bá gé owó ìlú, ó tọ́. Owó tòun náà wà lára èyí tí wọ́n fi ń rán èèyàn lọ sọ òdìkejì ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Howard Jarvis Taxpayers Association, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin tó ṣáájú ìjà Proposition 13, ti pariwo títí lórí owó ìlú tó ń wọ inú òṣèlú. Ẹ̀sùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà ti fi ìlà sí i láti 1976. Ọ̀gá kan níléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀, William Penn Mott, ló náwó ìjọba tó lé ní 5,000 dọ́là kí àwọn èèyàn lè dìbò "bẹ́ẹ̀ ni" ní 1974 sí owó 250 mílíọ̀nù dọ́là tí ìjọba fẹ́ yá fún ọgbà ìgbafẹ́. Ẹnì kan tó ń san owó orí, tó ń jẹ́ Stanson, gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Àwọn adájọ́ ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi owó gbogbo ìlú gbè sẹ́yìn apá kan nínú ìdìbò. Ó lè ṣàlàyé fáwọn èèyàn bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ibi báyìí ni kí ẹ tẹ̀ka sí. Wọ́n tún fi kún un pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá náwó náà láìwo ọ̀tún wo òsì lè fi àpò ara ẹ̀ san án padà. Ti kí ìlú rán èèyàn lọ bá aṣòfin sọ̀rọ̀, ìyẹn yàtọ̀, òfin fàyè gbà á. Aṣòfin ní etí tó lè fi gbọ́ tọ̀tún-tòsì kó tó pinnu.

Àárín méjèèjì yìí ni Grassroots Network bọ́ sí. Kì í ṣe alágbàsọ lásán, kì í sì í ṣe ìpolongo ìbò. Ará ìlú ni wọ́n fi owó ìlú jí kó lọ jí aṣòfin. Bí ìyá tó pe aṣòfin bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó panápaná àdúgbò ẹ̀, tó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ló sọ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló yẹ kí ojú tì pé aládùúgbò kò tètè mọ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti kọ lẹ́tà tán, tó wá ń wá ẹni tó máa buwọ́ lù ú kiri.

Ètò náà sì jẹ́ nǹkan fún wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó mọ́tò yìí gbóná ní 2003 sí 2004, àwọn ìlú, àwọn káúńtì àtàwọn àjọ ìbílẹ̀ mìíràn kó ìbùwọ́lùwé jọ láti gbé òfin kan síwájú olùdìbò, Proposition 65, pé ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó wọn mọ́ àfi bí ará ìlú bá dìbò sí i. Arnold rí i pé wọ́n ò ṣeré, ó pè wọ́n sí ìdúnàádúrà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ á jẹ́ kó mú bílíọ̀nù 1.3 dọ́là lọ́dún fún ọdún méjì, òun náà á sì bá wọn ti òfin mìíràn lẹ́yìn, Proposition 1A, tó máa so ọwọ́ ìpínlẹ̀. Wọ́n pa ti ara wọn tì, wọ́n dojú kọ èyí. Owó tí kì í ṣe ti ìlú ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi polongo, nítorí ẹjọ́ 1976 ṣì ń ṣọ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2004, ó lé ní 83 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò tó sọ pé àwọn fara mọ́ ọn.

Àmọ́ òfin náà ní ihò. Ó gbà kí ìpínlẹ̀ yá lára owó orí ilé tí nǹkan bá le, kó sì san án padà láàárín ọdún mẹ́ta tòun tèlé. Ní 2009, nǹkan le lóòótọ́, ìpínlẹ̀ sì gba inú ihò náà wọlé, ó yá nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.9 dọ́là. Gómìnà wo? Arnold kan náà tó bá wọn ṣàdéhùn. Làwọn ìlú bá tún dìde, wọ́n gba Proposition 22 ní 2010, ó lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò fún un, wọ́n fi dí ihò pa.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Àwọn ìlú àtàwọn káúńtì ní àjọ bíi 400 tó ń tún àwọn àdúgbò tó ti dẹnu kọlẹ̀ ṣe. Ní 2011, àwọn aṣòfin ṣe òfin méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ní kí wọ́n tú gbogbo àjọ náà ká. Èkejì ní èyí tó bá ti sanwó fún ìjọba lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìlú gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n ní Proposition 22 kò gbà kí wọ́n gbowó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá, àwọn adájọ́ ní òótọ́ ni, Proposition 22 kò gbà á, òfin kejì tó ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó lè wà láàyè ti kú. Ṣùgbọ́n òfin àkọ́kọ́, èyí tó ní kí wọ́n tú wọn ká, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tó fi di ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kejì, ọdún 2012, kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́ kù nínú wọn. Òfin tí wọ́n fi ogun gbà ló ti ilẹ̀kùn tí wọn ì bá gbà jáde.

Texas ní tiẹ̀ ní òun ò fẹ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 2019, ilé aṣòfin àgbà ibẹ̀ fọwọ́ sí àbádòfin kan pé kí ìlú àti káúńtì má ṣe fi owó ará ìlú gba alágbàsọ láti bá aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan, pàápàá ọ̀rọ̀ owó orí. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti tán, nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ló pọ̀ jù nílé méjèèjì. Ló bá dé ilé kejì, wọ́n dìbò, èèyàn 58 fara mọ́ ọn, èèyàn 85 ní àwọn ò gbà. Nínú àwọn tó dà á nù, àwọn Republican wà níbẹ̀ láti àwọn ìlú kéékèèké ìgbèríko. Ìlú ńlá bíi Houston lówó tó lè fi rán òṣìṣẹ́ ẹ̀ lọ sí olú-ìlú nígbà tó bá wù ú. Ìlú kékeré tí mẹ́yọ̀ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ mìíràn jẹun, tó jìnnà sí Austin ní ìrìn ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ tó ń dáwó sí nìkan ni ẹnu ẹ̀. Wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé ní 2021, wọ́n gbé e dé ní 2023, wọ́n sì tún gbé e dé ní 2025.