Ta Ló Ń San Owó Ìkórè Wa? Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Àgbà Ìjọ ní Ìlàjẹ

Ẹ̀yin bàbá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin Àpọ́sítélì àti Wòlíì, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin pásítọ̀ tí ẹ ń ṣọ́ agbo láti Igbókòdá títí dé Ugbónlà, láti Ayétòrò títí dé Awóyè, ẹ̀yin ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí. Ọmọ ìjọ yín ni mí. Inú aṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, ẹsẹ̀ lásán ni mo sì fi ń wọ ilé Ọlọ́run títí di òní. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í dúró lójúde pe àgbà lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé ìgbìmọ̀, a ti sọ ọ́ lẹ́yìn àìsùn, ibi tí a ti bá a náà la fi í sílẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí pé mo gbé e síta.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé. Ẹ ń wàásù ìwà mímọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kò sí ọjọ́ ìsinmi kan tí a kì í gbọ́ ọ: ẹ jìnnà sí ọtí, ẹ jìnnà sí àgbèrè, ẹ má bá ayé dọ́rẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ nìkan lẹ di ẹrù náà lé lórí. Nígbà tí ayé fúnra rẹ̀ bá wọ agbádá, tó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá síbi ìkórè, àga iwájú la máa ń gbé fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo ìkórè yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ làwọn ọmọ wa ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí ìwàásù kankan kò lè pa rẹ́. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ìyá kan jáde. Opó ni, sáwá ló ń yan tà. Èéfín ààrò ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ débi pé ó ní láti fi etí ìborùn nu omi ojú kó tó ríran. Ó gbé ọpọ́n ẹja gbígbẹ wá, ó kúnlẹ̀. Ẹni tó di máìkì mú ní, "Olúwa á bù sí i," wọ́n sì ti ọpọ́n náà sábẹ́ tábìlì. Ó tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọkùnrin kan dìde, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. A máa ń ṣe bí ẹni pé a ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé jìbìtì Yahoo ló ń ṣe. Onílù yí ìlù padà. Wọ́n ki ọmọ náà, wọ́n ki bàbá rẹ̀, wọ́n ki ìyá tó gbé e pọ̀n. Àwọn àgbà gbọ́wọ́ lé e lórí, àdúrà tí wọ́n gbà fún un sì gùn ju ìwàásù ọjọ́ náà lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kéde rẹ̀ ní Bàbá Ìkórè fún ọdún tó ń bọ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ń wò. Ọ̀dọ́ kan wà láàárín wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú òkun dé, tí okùn àwọ̀n ti bó lọ́wọ́. Ìwàásù wo lẹ rò pé ó gbé délé lọ́jọ́ náà?

Ìdẹwò etí òkun wa, ebi ló ń ti ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ tó bá fẹ́ dá dúró lórí iṣẹ́ ẹja kò lówó ẹ́ńjìnnì, gbèsè ló fi ń rà á. Kó tó ta ẹja àkọ́kọ́, epo bẹntiróòlù ti jẹ èrè rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun á já tirẹ̀ lọ lóru, kò sì mọ ibi tí yóò ti fẹjọ́ sùn. Ní 2020 ni kànga epo Ororo bú gbàmù lójú òkun níwájú Awóyè, iná rẹ̀ sì jó lórí omi fún ọdún mélòó kan, àwọn tó ń dẹ àwọ̀n lágbègbè náà ń wò ó. Nígbà tí nǹkan bá rí báyìí fún èèyàn ni ẹnìkan á wá sọ fún un pé kó da májèlé Gámálínì sódò, ẹja á léfòó fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kó wá bá àwọn gbé epo jíjí lóru. Ẹ̀kẹta á na fóònù sí i, á ní òyìnbó kan wà lórí rẹ̀ tí kò mọ ohun tí yóò fi owó ṣe. Bí owó gbà-máà-bínú bá sì ń bọ̀ láti iléeṣẹ́ epo, ẹni tó ní àwọ̀n kan á kọ mẹ́wàá sílẹ̀, àgbà ìjọ mìíràn á sì bá a jẹ́rìí sí i.

Ọmọ tó bá kọ gbogbo èyí nítorí Jésù, kí ló ń bá pàdé nílé ìjọsìn? A ó ní kó gbààwẹ̀ sí i. Bí kò bá tètè là, wòlíì á rí ìran pé ìyá àgbà kan nílé bàbá rẹ̀ ló di ọ̀nà rẹ̀ mú, á sì ka ohun tó máa rà fún un: àbẹ́là, òróró, omi, owó àpòòwé. Símónì ará Samáríà rò pé a lè fi owó ra agbára Ẹ̀mí, Pétérù sì bá a wí pé kí owó rẹ̀ ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀. Àwa ló wá ń sọ iye tó jẹ́ fún ọmọ tí ebi ń pa. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ dáwọ́ èyí dúró. Mo ti rí ilé tó tú nítorí irú ìran bẹ́ẹ̀, mo ti rí ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ kò kí mọ́.

Àwọn bàbá wa kò gba ọ̀nà yìí. Ní 1925 ni Mose Orimọlade, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Abíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n dá Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí iná ìsọjí wọn ràn dé etí òkun, àwọn tó gbà á gbọ́ níbí kọ òrìṣà àti ètùtù ìlú sílẹ̀, inúnibíni sì dìde sí wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1947, àwọn kan nínú wọn, tí Zaccheus Okenla jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, tẹ̀dó sórí ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn dù, níbi tí omi òkun ti fẹ́ pàdé omi odò. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ayétòrò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹ máa ń dárúkọ Ayétòrò nínú àdúrà ju bí ẹ ti ń dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ. Ẹni tó pẹja, àpò kan ṣoṣo ló ń kó owó rẹ̀ sí. Ẹni tó kan ọkọ̀, ẹni tó hun aṣọ, ẹni tó rán bàtà, ẹni tó se ọṣẹ, ẹni tó yan búrẹ́dì, àpò kan náà ni. Láti inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń ra àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ti ń bọ́ opó, tí wọ́n ti ń wọṣọ fún ọmọ òrukàn. Wọ́n fi pákó ṣe títì tó fẹ̀ lórí ẹrẹ̀, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi fún ara wọn. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò nígbà tí àtùpà ni wọ́n ń tàn ní ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ. Àwọn tó wá láti òkè òkun wò ó, ẹnu yà wọ́n.

Kì í ṣe pé àwọn ará Ayétòrò ìgbà náà ní ọkàn irin tí àwa kò ní. Ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n to ìgbé ayé wọn débi pé ẹni tó bá jalè kò ní ibi tí yóò ti ná owó náà. Bí ọ̀dọ́ kan bá jí láàárọ̀, iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún un, ẹni tí yóò kọ́ ọ wà, oúnjẹ wà. Ìwà mímọ́ di ohun tí gbogbo ìlú jọ gbé. Àgbà kò lè sọ fún ọmọdé nígbà yẹn pé kó má bá ayé lọ, kí òun fúnra rẹ̀ sì máa wá ayé lọ sí Igbókòdá.

Mi ò sọ pé ètò wọn kò ní àbùkù. Àṣẹ pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn díẹ̀. Stanley Barrett, onímọ̀ kan tó gbé láàárín wọn, kọ ìwé lórí bí ètò náà ṣe dìde àti bó ṣe wó, ìwé náà sì jáde ní 1977. Nǹkan bí 1968 ni wọ́n gba kálukú láàyè láti máa dá òwò rẹ̀ ṣe, àjùmọ̀ní náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ kó owó gbogbo Ìlàjẹ sínú àpò kan lónìí, ẹ̀rù ẹni tí yóò di ẹnu àpò náà mú ń bà mí. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n mọ̀ pé a kì í fi ìwàásù nìkan gba èèyàn lọ́wọ́ ìdẹwò.

Ọdún 1998 ló fi hàn pé a ti gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni páìpù Mobil bẹ́ ní Idoho lójú òkun, ogójì ẹgbẹ̀rún àgbá epo tú sómi, ó sì ṣàn gba etí òkun lọ. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ jókòó sórí ibùdó epo Parabe ti Chevron láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Hẹlikópítà gbé àwọn ológun dé, ọmọ wa méjì kú. Ọdún náà kò tíì parí tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn Ijaw ti Àrógbò. Ìbínú, owó iléeṣẹ́ epo àti ìbọn wọlé tọ̀ wá papọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gbà pé owó tó yá jù ní ilẹ̀ wa ni èyí tí wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. A gba àdúrà ìṣẹ́gun lọ́pọ̀ nígbà náà. Àwọn àlùfáà tó dúró lórí pẹpẹ tí wọ́n sọ fún ọmọ ìjọ wọn pé kò gbọdọ̀ pa aládùúgbò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkun fúnra rẹ̀ náà ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ wa lójoojúmọ́. Láti 2004 ni NDDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe, ọdún ń gorí ọdún, ilé ń wọmi, ilé ìwé ń wọmi, ibojì àwọn tó dá ìlú náà sílẹ̀ ń wọmi. Àwọn olóṣèlú tó yẹ ká bi léèrè, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀ lásìkò ìkórè. Ẹ̀yin ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Kí ló dé tí a kì í bi wọ́n lójú ìjọ pé, "Ògiri òkun wa dà?" kí a tó gba àpòòwé wọn? Wòlíì tó ń rí ìran nípa ìyá arúgbó, ṣé kò rí ìran kankan nípa agbaṣẹ́ṣe?

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀. Ìjọ nílò owó. Iyọ̀ òkun ń jẹ páànù, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, ilé àlùfáà ń jò. Òtítọ́ ni, mo sì wà lára àwọn tó ń dá owó náà. Ẹ tún máa ní Jésù bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ ilé Sákéù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí owó Sákéù gbà. Ìdajì ohun ìní rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ tálákà, àwọn tó ti rẹ́ jẹ sì gba tiwọn ní ìlọ́po mẹ́rin. A kò kà á pé Jésù gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ láti fi kan òrùlé sínágọ́gù. Ọmọ tó ń fi fóònù lu èèyàn ní jìbìtì nílò irú àbẹ̀wò yẹn. Ẹ má lé e. Ẹ lọ bá a nílé, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ ọkàn rẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó rí i pé òótọ́ ni nípa kíkọ owó náà. Nígbà tí a bá gba owó rẹ̀ tí a sì gbàdúrà fún un pé kó pọ̀ sí i, ẹni tó ń ṣègbé la tì sínú omi jíjìn.

Owó tó mọ́ ń bẹ láàárín wa. Ẹgbẹ́ èsúsú àwọn ìyá ẹlẹ́ja kò wó rí ní ìjọ tèmi, wọn kò sì ní alága tó ń wọ agbádá. Bí ìjọ mẹ́ta tí omi kan náà yí ká bá pa owó ìkórè wọn pọ̀, ó tó ra ẹ́ńjìnnì fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ pẹja láìgba èlé lórí rẹ̀, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ṣì wà láyé ní Ayétòrò. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa kí ọjọ́ tó lọ. Kí wòlíì tó bá gba owó ìran dáhùn níwájú ìgbìmọ̀, bí a ti ń pe ọmọbìnrin tó lóyún níta ìgbéyàwó láti dáhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ fèsì lẹ́tà yìí, kì í ṣe èmi ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí akọ̀wé dúró lórí pẹpẹ, kó ka owó ìkórè tó kọjá sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ: orúkọ ẹni tó fún wa, iye tó fún wa, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ohun tí a fi owó náà ṣe. Ibi tí akọ̀wé kò bá ti lè ka iṣẹ́ kan jáde, kí ẹ dá owó náà padà.

Èmi ni ọmọ yín nínú ìjọ,
Igbókòdá.