Ìgbàgbọ́ Ẹnì Kan, Ta Ni Ó Ń Ru Ẹrù Rẹ̀?

 

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka wa tí ó kọjá, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ètò iṣẹ́ ni a ń sọ bọ̀; kí a tó mọ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Arákùnrin kan dìde, ó ní òun kò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú mọ́ nítorí ìgbàgbọ́ òun. Arábìnrin tí fọ́ọ̀máànù ti ní kí ó máa dí àlàfo rẹ̀ dìde, ó ní ta ni yóò máa bá òun wo ọmọ. Ni arákùnrin wa bá fi ìbínú wí pé: "Ìgbàgbọ́ mi, èwo ló kàn yín nínú rẹ̀?" Ariwo ta. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń pòṣé, alága sì ní láti tú ìpàdé ká láìparí.

Ìbéèrè arákùnrin wa dára, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Bí a kò bá dá a lóhùn nínú ìpàdé, ìdí ẹ̀rọ àti inú gáréèjì ni wọn yóò ti máa dá a lóhùn pẹ̀lú èébú.

Èrò tiwa nìyí. Ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá gbé ka orí ẹlòmíràn, ó kan ẹni tí a gbé e kà lórí. Nítorí náà, kì í ṣe "Kí ni lágbájá ń sìn?" ni ó yẹ kí a máa bèèrè. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni: "Ta ni ó ń ru ẹrù rẹ̀?"

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ọmọ Yorùbá. Nínú agbo ilé kan náà ni bàbá ti ń kírun, tí ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí àbúrò bàbá sì ń bọ Ògún. Bí Iléyá bá dé, gbogbo ilé ni ó ń jẹ ẹran. Bí Kérésìmesì bá dé, gbogbo ilé ni ó ń jẹ ìrẹsì. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò ka ẹ̀sìn sí. Olúkúlùkù mọ ibi tí àgbàlá tirẹ̀ parí sí ni.

Òfin náà sọ bẹ́ẹ̀. Abala 38 nínú Òfin Ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan ẹ̀tọ́ láti pa ẹ̀sìn rẹ̀ dà. Abala 45 nínú ìwé kan náà sọ pé a lè ṣe òfin tí yóò fi ààlà sí òmìnira yìí nítorí ààbò àti ìlera ará ìlú, tàbí kí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn má baà bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni abala 12 nínú Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1973 sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó yẹ láti wọ ẹgbẹ́ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ẹ̀yà rẹ̀ nìkan. Ẹ̀yin ará, òfin tí ẹgbẹ́ wa dúró lé kò mọ Mùsùlùmí, kò mọ Onígbàgbọ́, kò mọ olórìṣà. Òṣìṣẹ́ ni ó mọ̀.

Àwọn kan yóò ní: "Ṣé ẹ kò rántí Kánò ni?" A rántí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, àwọn ọmọlẹ́yìn Maitatsine gbé ìjà kalẹ̀ ní ìgboro Kánò títí ìjọba fi kó ṣọ́jà wọ̀ ọ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ yàn ka iye àwọn tí ó kú sí 4,177. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń wàásù pé kò yẹ kí Mùsùlùmí lo rédíò, aago ọwọ́ àti kẹ̀kẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí ó kọ̀ láti de aago mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ohun ìjà sí ọmọnìkejì ni ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ìlú.

Ṣùgbọ́n ohun ìjà nìkan kọ́ ni ó ń pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa. Awakọ̀ tí ó gbàdúrà kí ó tó ṣí ọkọ̀ ṣe ohun tí ó dára. Ẹni tí ó fi tẹ̀sùbáà kọ́ iwájú ọkọ̀, ẹni tí ó fi àgbélébùú kọ́ ọ, ẹni tí ó so oǹdè mọ́ ọn, kò sí èyí tí ó ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ pé bíréèkì kò mú, tí ó ní "Ọlọ́run ni awakọ̀ mi," tí ó sì kó èrò 18 bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn 18 ni ó fi ta tẹ́tẹ́. Owó ọkọ̀ ni àwọn èrò yẹn san. Wọn kò bá a ṣe àdéhùn pé kí wọ́n jọ dán Ọlọ́run wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ààwẹ̀ ti mú kí òòyì máa kọ́, ìbáà ṣe ààwẹ̀ Ràmádáànì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ààwẹ̀ rẹ̀ kò burú. Kí ó sọ fún wa, kí a fún un ní ìrìn àárọ̀, kí ó lè sinmi lọ́sàn-án. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Nídìí ẹ̀rọ ńkọ́? Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tàbí ìborí tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nítòsí ẹ̀rọ tí ó ń yí kì í ṣe ewu fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́ nìkan. Ẹni tí yóò sáré ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti gbà á sílẹ̀ wà nínú ewu náà. Kì í ṣe pé kí arábìnrin wa ká ìborí kúrò. Kí ilé-iṣẹ́ pèsè èyí tí ó fún mọ́ orí, tí a lè tì sínú aṣọ iṣẹ́. Orí rẹ̀ wà ní bíbò, ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà ní àlàáfíà.

Àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ rí irú èyí. Ní ọdún 1967, ní ìlú Wolverhampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Sikh padà sílé nítorí pé ó dá irùngbọ̀n sí, ó sì wé láwàní. Oṣù Kẹrin ọdún 1969 ni ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó ọkọ̀ ìlú náà tó gbà fún wọn. Kí ni láwàní ṣe fún èrò ọkọ̀? Kò ṣe wọ́n ní ohunkóhun. Ojú ni kò rí i rí, ohun tí ojú kò sì rí rí kì í ṣe ewu.

Ní ọdún 1976, òfin ibẹ̀ yọ̀ǹda kí Sikh tí ó wé láwàní gun alùpùpù láìdé akoto. Ní ọdún 1989 wọ́n yọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, wọ́n sì mú un dé ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ mìíràn ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n òfin ti ibi iṣẹ́ fi gbólóhùn kan kún un: bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá farapa nípa àṣìṣe ẹlòmíràn, owó ìtanràn tí wọn yóò san fún un kò ní ju ti ìfarapa tí ì bá dé bá a bí ó tilẹ̀ dé akoto. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni, orí tirẹ̀ ni, òun náà ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Èyí dọ́gba.

Ti ìwé ètò iṣẹ́ ni ó le jù, nítorí pé níbẹ̀ ni ìsinmi ẹnì kan ti ń di iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú TWA, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hardison, kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò gbà kí a tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ti pẹ́ jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n lé e, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní ọdún 1977, pé kò pọn dandan kí ó fara da ju ìnáwó kékeré lọ nítorí ẹ̀sìn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 2023, nínú ẹjọ́ ẹnì kan tí ń pín lẹ́tà tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ilé ẹjọ́ kan náà mú ọ̀rọ̀ le sí i: kí ilé-iṣẹ́ tó sọ pé òun kò lè gbà, ó gbọdọ̀ fi hàn pé ìnáwó tí ó tẹ̀wọ̀n ni yóò bá iṣẹ́ òun. Ó sì ní pé bí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá kórìíra ẹ̀sìn òṣìṣẹ́ náà, ìyẹn kì í ṣe ìnira tí a lè kà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé-iṣẹ́ ni ilé ẹjọ́ bi léèrè. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn máníjà ni wọn kò gba òṣìṣẹ́ tó, tí wọ́n fi ènìyàn méjì sílẹ̀ kí wọ́n máa fa ọjọ́ kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n á wá dúró lókè, wọ́n á ní ìjà ẹ̀sìn ni a ń jà. Bí ọwọ́ bá tó níbi iṣẹ́, ìsinmi ẹnì kan kò ní di ìyà ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ kan sí i. Àwọn tí ó pọ̀ kì í sábà mọ̀ pé àwọn ń gbé ẹrù ka ẹlòmíràn. Bí ọdún Ògún bá dé ní gáréèjì àti níbi iṣẹ́ irin, ẹni tí ó bá fẹ́ bọ Ògún, kí ó bọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ki owó ajá bọ inú owó ẹgbẹ́ tí gbogbo wa ń san. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni kí a tàn sí ìpàdé wa: ẹni kan gba àdúrà ní orúkọ Jésù, ẹni kejì ṣe é ní ti Mùsùlùmí, a kì í sì bi olórìṣà àárín wa léèrè bóyá ó ní tirẹ̀. Òun náà ń san owó ẹgbẹ́.

Àbá wa nìyí. Èkínní, kí a kọ pàṣípààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i: kí Mùsùlùmí di ipò mú nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde, kí Onígbàgbọ́ di tirẹ̀ mú nígbà Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ní wákàtí ìrun Jímọ̀. Èkejì, kí ọkọ̀ kankan má ṣe jáde láìṣe àyẹ̀wò bíréèkì àti táyà, bí ó ti wù kí awakọ̀ rẹ̀ gbàdúrà tó. Ẹ̀kẹta, kí owó ọdún ẹ̀sìn yòówù jẹ́ ti ìfẹ́ àtinúwá, kí ó sì ní àpò tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí akọ̀wé wa béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ fún àfikún òṣìṣẹ́ ní ṣíìfù ọjọ́ Àìkú.

Sí arákùnrin wa: ìgbàgbọ́ rẹ kò kàn wá, a ó sì jà fún ọ bí ẹnikẹ́ni bá fi bú ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ arábìnrin wa tí kò rí ẹni wò ó lọ́jọ́ Àìkú kàn wá. Bá a sọ̀rọ̀. Bá a gba òru méjì nínú ṣíìfù tirẹ̀, kí ó mọ̀ pé o rí i. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ìpàdé tí ó ń bọ̀ ni a ó parí ọ̀rọ̀ náà. Kí gbogbo wa wá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ilé mú ìbínú bọ̀.