Ẹ Má Tètè Fagi Lé Iṣẹ́ Ọnà



Bí fọ́ọ̀mù yíyan ẹ̀kọ́ GCSE bá ti dé láti ilé ìwé, iṣẹ́ ọnà ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ fagi lé. A ó ní, "Ṣé ìyẹn ló máa bọ́ ọ?" Èrò tèmi ni pé kí a rọra.

Ẹ wo Duro Olowu. Èkó ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Jàmáíkà ni ìyá rẹ̀. Ìmọ̀ òfin ló kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ṣùgbọ́n aṣọ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní 2004, ó dá ilé iṣẹ́ aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní London. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé àfihàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é pé kó wá ṣa iṣẹ́ ọnà jọ fún àwọn aráàlú láti wò. Ní 2016, ní Camden Arts Centre, ó kó aṣọ híhun àtijọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ Anni Albers, ahunṣọ tí wọ́n bí ní Jámánì, àti ti àwọn oníṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú bíi Lorna Simpson àti Wangechi Mutu. Kò kó iṣẹ́ tiwa sí igun ọ̀tọ̀. Ní 2020, ó ṣe àfihàn mìíràn ní Chicago; iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lé ní 300.

Ẹni tó bá máa ṣe irú èyí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá nílé. Sányán, àlàárì àti ẹtù wà nínú àpótí wa, ṣùgbọ́n "aṣọ ẹbí" nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń pè wọ́n. Ta ló sọ fún wọn pé orúkọ ẹyẹ ni ẹtù, nítorí pé aṣọ náà jọ ìyẹ́ rẹ̀? Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

N kò ní kí gbogbo ọmọ di ayàwòrán. Mo mọ̀ pé owó ilé kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ ní kí ọmọ gbé ìwé àwòrán rẹ̀ wá, kí ẹ jọ wò ó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin náà ẹ ní kí màmá ṣí àpótí aṣọ, kí ẹ sì béèrè orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.