Mọ́tò Asáré Tí Káfíńtà Ń Bá Wọn Kàn

Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin pánẹ́ẹ̀lì bítà, ẹ̀yin tí ẹ ń rán àga mọ́tò, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà náà, ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ oníbàárà náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Mọ́tò tó lè sá ju 160 máìlì lọ ní wákàtí kan, tí owó rẹ̀ tó owó ilé, ṣé igi lè wà nínú rẹ̀? Mo mọ ohun tí ẹ máa wí. Ẹ ó ní, "Igi kẹ̀? Igi wo, nínú mọ́tò wo?" Ó dáa. Ẹ tẹ̀lé mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Malvern.

Ìlú kékeré ni Malvern, abẹ́ òkè ló wà, ní àgbègbè Worcestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Malvern Link. Lójú títì Pickersleigh Road ní àdúgbò yẹn ni ilé iṣẹ́ Morgan wà, láti 1914 ni wọ́n sì ti ń ṣe mọ́tò níbẹ̀. H.F.S. Morgan ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọmọ àlùfáà ni. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló kọ́kọ́ ṣe, ní 1909, bàbá rẹ̀ ló sì yọwó fún un láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó di 1936 kí wọ́n tó gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde. Nígbà tí ọkùnrin náà kú ní 1959, Peter ọmọ rẹ̀ gba iṣẹ́ ṣe, Charles ọmọ Peter náà sì ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Àwa tí a fẹ́ràn mọ́tò bí ọmọdé ti fẹ́ràn àkàrà, bí a bá ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ mọ́tò kan ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ẹsẹ̀ wa kì í gbélẹ̀. Ohun tí a máa ń retí láti rí ni apá irin tó ń nà síhìn-ín, tó ń nà sọ́hùn-ún, tó ń jó irin pọ̀, tí ènìyàn kò sì sí nítòsí. Ti Morgan yàtọ̀. Ẹni tó bá sanwó ìwọlé, amọ̀nà á ṣíwájú rẹ̀, wọ́n á máa rìn láti ilé dé ilé. Ilé bíríkì pupa ni wọ́n, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ṣọ́ọ̀bù. Òòlù lẹ ó máa gbọ́, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ lẹ ó sì máa gbóòórùn. Tí iṣẹ́ bá parí nínú ilé kan, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ti mọ́tò náà lọ sí ilé kejì, bí ìgbà tí a bá ń ti dáńfó tí bátìrì rẹ̀ ti kú.

IGI INÚ MỌ́TÒ

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan ná. Àwọn kan máa ń sọ kiri pé igi ni ṣáàsì Morgan. Irọ́ ni o. Irin ni wọ́n fi ń ṣe ṣáàsì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn láti 1936 títí wọ́n fi ṣe èyí tó kẹ́yìn ní 2020. Àlùmíníọ̀mù ló rọ́pò rẹ̀. Orí ṣáàsì yìí ni ẹ́ńjìnnì àti gíà jókòó sí. Igi ní tirẹ̀, òun ni egungun bọ́dì. Wọ́n á fi igi to egungun náà kalẹ̀ sórí ṣáàsì, wọ́n á wá fi páànù àlùmíníọ̀mù bò ó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kan páànù mọ́ igi òrùlé. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ni?

Ash ni orúkọ igi náà. Kì í hù lọ́dọ̀ wa. Ó le, àmọ́ ó ń tẹ̀, kì í dá gbì bí igi gbígbẹ. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ṣe èèkù àáké àti èèkù òòlù láti ọjọ́ pípẹ́, torí ó ń gba ìkọlù mọ́ra. Mọ́tò tó ń sáré, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Igi tó lè gbọ̀n láì ṣẹ́ ni wọ́n sì ń wá. Ó tún fúyẹ́, ẹrù tó fúyẹ́ kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì lára.

Ibi tí ẹ̀yin káfíńtà á ti kọ̀ tí ẹ ò ní kúrò mọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe igi tó rọ̀gbà ká táyà ẹ̀yìn. Wọn kì í gbẹ́ ẹ lára ìtì kan ṣoṣo. Wọ́n á la igi ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, wọ́n á fi gúlúù pa á lára, wọ́n á to mẹ́ta léra wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tí wọ́n fi ń wọn ìrísí rẹ̀, wọ́n á wá fi irin há a pinpin títí gúlúù á fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ó ti tẹ̀ bí ọrún ọdẹ, kò sì ní nà mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ri igi náà sínú oògùn kí ó má baà jẹrà, kí kòkòrò má sì fi ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ikán ti bá jẹ àpótí aṣọ rí á mọ̀ pé ọgbọ́n gidi nìyẹn.

PÁÀNÙ ÀTI AWỌ

Ó kan ẹ̀yin pánẹ́ẹ̀lì bítà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì Morgan gùn gbọọrọ, ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀ tí ooru ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ara mọ́tò tirẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e lé e wò, wọ́n á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí á fi jókòó dáadáa. Bí télọ̀ ti ń wọn aṣọ mọ́ oníbàárà lára gan-an ni. Nítorí náà, tí ẹ bá yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan tí ẹ ní kẹ́ ẹ gbé e sórí èkejì, ó lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò wọ̀ ọ́.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń rán àga, awọ màlúù ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àpá wà lára rẹ̀, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Oníbàárà ló ń mú àwọ̀ tó wù ú, títí dórí àwọ̀ òwú tí wọ́n máa fi rán an. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro kí ẹ rí Morgan méjì tó jọra bí ìbejì.

Bí igba òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí mọ́tò tí wọ́n ṣe lọ́dún kan tó ẹgbẹ̀rún kan. Toyota ń ṣe ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ lọ́dún. Ẹ fi wọ́n wéra.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé mọ́tò ìṣeré ọmọdé ni. Ní 1962, Morgan kan kópa nínú eré ìje Le Mans nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi wákàtí 24 sáré tọ̀sántòru. Wọ́n wa mọ́tò náà láti ilé lọ síbẹ̀, ó gba ipò kìíní láàárín àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ lítà méjì, wọ́n sì tún wà á padà sílé. Ní 1968 wọ́n gbé Plus 8 jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Rover onísìlíńdà mẹ́jọ. Ní 2019 wọ́n gbé Plus Six jáde, ẹ́ńjìnnì BMW ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, árùn-ún, ó ti dé 60 máìlì. Mọ́tò onígi nìyẹn o!

Ẹ sì ṣàkíyèsí nǹkan kan: ẹ́ńjìnnì Rover, ẹ́ńjìnnì BMW. Rírà ni wọ́n ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ ìyókù ni ayé ń torí rẹ̀ sanwó. Nígbà tí Plus Four jáde ní 2020, owó rẹ̀ lé ní £60,000.

ỌKÙNRIN TÓ NÍ KÍ WỌ́N ṢE KÍÁ

Ní 1990, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n BBC mú Sir John Harvey-Jones lọ sí Morgan. Ọkùnrin yìí ti jẹ́ alága ICI, ilé iṣẹ́ ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ bí wọ́n ti ń tún okòwò tó ń wọ́lẹ̀ ṣe. Ohun tó bá nílé Morgan yà á lẹ́nu. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò wọn á forúkọ sílẹ̀, á wá máa retí. Ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá! Ẹlòmíràn bímọ, ọmọ ọ̀hún wọ ilé ìwé, mọ́tò kò tíì dé. Ó ní kí wọ́n ṣe púpọ̀ sí i, kí wọ́n fowó lé ọjà, kí wọ́n pa ọ̀nà àtijọ́ tì. Morgan bàbá àti Morgan ọmọ ní àwọn ò gbà. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí ètò náà lórí tẹlifíṣọ̀n, dípò kí oníbàárà sá, ńṣe ni wọ́n tún ń ya wá.

Ta ló jàre? Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Àwọn Morgan jàre, torí ohun tí oníbàárà wá rà ni ọwọ́ ènìyàn. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di ẹlẹ́rọ pátápátá, kí ló máa yà á sọ́tọ̀ sí ti ẹlòmíràn? Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn náà kò ṣì sọ, torí ìgbà tó yá, àwọn Morgan fúnra wọn yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń tẹ mọ́gáàdì fún wọn báyìí, ó sì ń jáde ní ìrísí kan náà nígbà gbogbo. Ní 2000 wọ́n gbé Aero 8 jáde, tí ṣáàsì rẹ̀ jẹ́ àlùmíníọ̀mù. Ní 2019, ilé iṣẹ́ Investindustrial, tí ará Ítálì kan dá sílẹ̀, ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín iṣẹ́ náà lẹ́yìn 110 ọdún tó ti wà lọ́wọ́ ìdílé kan. Ọwọ́ dára lóòótọ́, àmọ́ owó ló ń bọ́ ọwọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ó kàn yín. Kí ló lè mú kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀, kó sì fi ọdún mẹ́wàá retí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì tí télọ̀ bá dá, ìjà ló ń dà? Kì í ṣe pé sùúrù òyìnbó pọ̀ ju tiwa. Télọ̀ máa sọ pé "ẹ wá lọ́la," ọ̀la á di ọ̀túnla, ọjọ́ Iléyá á pé, aṣọ á ṣì wà nínú báàgì láì gé. Ti Morgan, oníbàárà ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé á pẹ́. Kò sí ẹni tó tàn án. Ìgbà tó bá sì dé, ohun tó retí náà ló máa gbà. Oníbàárà lè fara da pípẹ́. Irọ́ ni kò lè fara dà.

ÀWA NÁÀ ṢE É RÍ

Ẹ̀yin àgbà ò ní gbàgbé bọ̀lẹ̀kájà. Láti òkè òkun ni ṣáàsì Bedford àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń wá, ṣùgbọ́n ta ló kan bọ́dì onígi yẹn? Káfíńtà wa ni! Ta ló kọ òwe sí i níwájú àti lẹ́yìn? Pẹ́ńtà wa ni! Mọlúẹ̀ Èkó ńkọ́? Àwọn wẹ́dà wa ló jó bọ́dì rẹ̀ sórí ṣáàsì lọ́rì Mercedes 911. Ohun tí Malvern ń ṣe náà nìyẹn: ra ẹ́ńjìnnì, fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ ìyókù. Tiwọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Tiwa dà?

Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun gba ojú títì mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó lórí bẹ́ńṣì bọ̀lẹ̀kájà láti Ìbàdàn dé Èkó kò ní fẹ́ kó padà wá, ìdí rẹ̀ á sọ fún un. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. A kọ́ ọ, a ò tún un ṣe. Bí bàbá ti kàn án ni ọmọ ń kàn án. Ní Malvern, wọ́n di igi mú, wọ́n sì pààrọ̀ ohun tó yẹ ní pípààrọ̀.

Èyí tó tún ń dùn mí ni ti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Morgan ṣì ń gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ títí di òní, ọ̀dọ́mọdé dúró ti àgbà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó yẹ kó gba òmìnira lọ́dọ̀ káfíńtà ti lọ gun ọ̀kadà, torí owó ojú ẹsẹ̀. Mi ò bá a wí, ebi kì í dúró de òmìnira. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ bi ara yín: nígbà tí ọmọ yẹn wà lọ́dọ̀ yín, ṣé iṣẹ́ lẹ kọ́ ọ, àbí omi ló ń pọn, tó ń ra ẹ̀wà fún yín lójoojúmọ́? Iṣẹ́ tí a kò fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọjọ́ tí a bá kú ló kú.

Ẹ̀yin tí ẹ kan bọ̀lẹ̀kájà tàbí tí ẹ jó mọlúẹ̀ rí, tẹ́ ẹ ṣì wà láyé, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ irú igi tẹ́ ẹ lò, bí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, iye ọjọ́ tó gbà yín, àti ẹni tẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́ náà. Tí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ ní kí ọmọ yín tó ń lọ sílé ìwé bá yín kọ ọ́. A máa tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé kò sí ohun tuntun lábẹ́ òkè Malvern tí ọwọ́ bàbá wọn kò ṣe rí.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.